Gẹ̀ẹ́sì Orí Bẹ́ǹṣì

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó tan jẹnẹrétọ̀, pátákó dúdú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan á ti jáde sẹ́bàá títì ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ṣọ́ọ̀kì funfun ni wọ́n fi ń kọ ọ́: ARS vs CHE, 12:30. LIV vs EVE, 3:00. MAN U vs NEW, 5:30. Kò sí gbólóhùn kan tó pé lórí rẹ̀, agbára káká ni ọ̀rọ̀ kan fi pé níbẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ní ká ka iye ojú tó ń wò ó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mi ò mọ ìwé tó lè bá a dọ́gba ládùúgbò yẹn. Ọmọ tí wọ́n rán ní iyọ̀ á dúró kà á. Ọlọ́kadà á rọra tẹ bíréèkì. Bàbá fọgánáísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì, tó jẹ́ pé kíláàsì kẹta nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kàwé mọ, á fún ojú rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, á sì kà á sókè ketekete: "Arsenal versus Chelsea, twelve-thirty." Òun ló tiẹ̀ sọ fún mi, nígbà tí mo wà ní kékeré, pé lẹ́tà méjì tó wà láàárín yẹn ní orúkọ.

Bàbá yìí ló mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ó ti ń bọ̀ lápá ọgọ́ta ọdún, ìgbà tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ wá fẹ́ atẹ́gùn lọ́dọ̀ rẹ̀ la sì ti jọ ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ tàbí ọ̀rọ̀ ìjọba la ń sọ, Yorùbá Ìbàdàn pọ́ńbélé ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wọlé báyìí, Gẹ̀ẹ́sì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú láàárín Yorùbá bí ẹ̀pà inú gúgúrú. Mo ti fara balẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Kì í ṣe àkọ́sórí. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí, ó sì mọ ìgbà tí kò yẹ kó jókòó síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo mọ àwọn tó jáde ìwé mẹ́wàá tí ahọ́n wọn ń wúwo bí àlejò bá ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì júwe ọ̀nà.

Rédíò ló kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ rẹ̀. Ní 1980, ọmọ iṣẹ́ ni lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Dùgbẹ̀, ọ̀gá náà sì ní rédíò kan tó so kọ́ sára òpó. Ọdún yẹn ni Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà: ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè l'Ékòó, 3 sí 0 pẹ̀lú Àlùjíríà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ góòlù méjì, Muda Lawal jẹ ọ̀kan, ọmọ Shooting Stars ti Ìbàdàn sì ni àwọn méjèèjì. Ẹ lè fojú inú wo bí Dùgbẹ̀ ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohùn Ernest Okonkwo ni etí ń dúró dè lórí Radio Nigeria láyé ìgbà yẹn. Ó máa ń sọ agbábọ́ọ̀lù lórúkọ, orúkọ náà á sì lẹ̀ mọ́ onítọ̀hún títí ayé. Ọdẹ́gbàmí di "Mathematical". Christian Chukwu tó jẹ́ balógun ikọ̀ náà di "Chairman". Adokie Amiesimaka tó kàwé òfin di "Chief Justice", ó sì padà di kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers lóòótọ́. Felix Owólabí di "Owoblow", orúkọ Yorùbá tí Gẹ̀ẹ́sì so ìrù mọ́. Bàbá ní òun ti mọ "Mathematical" tipẹ́ kí òun tó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ìṣirò ni.

"Èmi rò pé ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í ṣìnà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀," ló wí fún mi.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò tíì rí olùkọ́ ìṣirò tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò kò rí pápá, ọ̀rọ̀ ló di ojú fún un. Ohun tí Bàbá rí gbà nínú rẹ̀ kì í ṣe orúkọ nìkan. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pààrọ̀ aṣọ: mo gbá a, o gbá a, ó gbá a. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń lẹ "s" mọ́ tirẹ̀ bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Pàṣán ni èmi fi mọ "s" yìí nílé ìwé. Bàbá kò jẹ pàṣán kankan. "He turns, he beats his man, he shoots": irú èyí ló ń wọ etí rẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń tú rọ́bà kúrò lára irin. Títí di òní, "s" yẹn kì í jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń sọ bọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn rédíò ni tẹlifíṣọ̀n dé. Premier League bẹ̀rẹ̀ ní 1992, sátẹ́láìtì gbé e wọ ilé àwọn olówó, kò sì pẹ́ tí àwọn tó ní díìṣì fi rí i pé àwọn lè to bẹ́ǹṣì sábẹ́ páànù, kí àwọn sì máa gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Báyìí ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, tí ará àdúgbò ń pè ní víwìn sẹ́ńtà, ṣe di tiwa. Ẹni tó wá sọ ọ́ di ohun tí a kò lè fi sílẹ̀ mọ́ ni Nwankwo Kanu, tó wọ Arsenal ní 1999.

Mo wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Pápá Stamford Bridge ni, Chelsea ti jẹ méjì, Arsenal kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ó sì ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn kan ti ń dìde. Kanu jẹ ọ̀kan. Ó jẹ èkejì. Nígbà tí eré ti fẹ́ parí, ó gba bọ́ọ̀lù lápá òsì. Ed de Goey aṣọ́lé Chelsea fi ilé sílẹ̀ wá pàdé rẹ̀, Kanu fẹ̀gbẹ́ gbà á kọjá, ó wá dúró síbi tóóró kan lẹ́bàá ìlà, níbi tí kò sẹ́ni tó rò pé bọ́ọ̀lù lè gbà wọlé, ó sì gbá a sókè gba orí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Chelsea kọjá sínú àwọ̀n. Bẹ́ǹṣì mẹ́ta ló ṣẹ́ níbi tí a wà.

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ wa mọ "hat-trick". Inú kíríkẹ́ẹ̀tì ló ti wá, eré tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bèèrè pé fìlà wo ni wọ́n ń wí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́sẹ̀ ẹnì kan. Ìwé atúmọ̀ èdè kò lè ṣe é kíá tó bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń sọ kọ́ ni olórí ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Ìgbà tí rẹfirí bá fọn fèrè ìkẹyìn ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lọ sílé. Àríyànjiyàn á bẹ́, Gẹ̀ẹ́sì tó sì máa ń jáde níbẹ̀, ẹ wá gbọ́ ọ:

"If he had passed that ball, we would have scored."

Ẹni tó bá ti kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì rí mọ̀ pé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń subú sí jù lọ nìyí: ohun tó ti kọjá, tí kò ṣẹlẹ̀, tí a wá ń sọ bí ìbá ti rí ká ní ó ṣẹlẹ̀. Ní JSS 3, olùkọ́ wa kọ ọ́ sójú pátákó, ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òjò tí kò rọ̀ àti àgbàdo tí kò hù ló fi ṣàpẹẹrẹ. A dà á kọ, a yege, a gbàgbé rẹ̀, nítorí àgbàdo yẹn kò ká ẹnikẹ́ni lára nínú wa. Bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ ẹni gbá sí òfìfo máa ń dunni wọ ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn á wá ẹnu tí yóò fi sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá ti tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ká ní ó gbé e fún ẹnìkejì rẹ̀ ni, à bá ti jẹ." Ọmọ ọdún márùn-ún ń lo "ìbá" láìsí àṣìṣe. Èrò náà wà lọ́kàn wa láti ilé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan ló kù. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kò sì dúró sórí "would have" nìkan. Wọ́n mọ̀ pé "could have" ń sọ nípa agbára, pé "should have" ń di ẹ̀bi runi. Mo rántí ọjọ́ tí ẹnì kan ń gbèjà agbábọ́ọ̀lù tó dojú kọ ilé tí aṣọ́lé kò sí níbẹ̀, tó sì gbá a sóde. Ó ní, "He could have scored." Gbogbo bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn hó lé e lórí: "Could have kẹ̀? Should have!" Mo ti jókòó nínú kíláàsì tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí, kò yé wa tó bẹ́ẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí mi ò tètè fojú sí. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni ọmọ ọdún méjìdínlógún àti bàbá ọgọ́ta ọdún ń jókòó sí. Lédè wa, ọmọ kò lè wo ojú àgbà kó ní irọ́ lẹ̀ ń pa. Á ní láti yí ọ̀rọ̀ ká: ẹ má bínú sà, ó dà bí ẹni pé ojú yín kò tó o dáadáa ni. Kí ó tó débẹ̀, wọ́n ti gbá kọ́nà mìíràn. Ṣùgbọ́n "you" kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní, tọmọdé tàgbà ló ń lò ó fún. Nítorí náà ni ọmọ fi ń sọ pé, "No sir, you didn't see the last defender. That is not offside," tí àgbà náà á sì dá a lóhùn láì fapá jánú. "Sir" ṣì wà níbẹ̀, ìkúnlẹ̀ ìkíni ṣì wà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti gbọ́ táwọn kan ń pe èyí ní àìlẹ́kọ̀ọ́, mi ò gbà fún wọn. Ọmọ náà rí ibi tó ti lè sọ èrò rẹ̀ tán, ó sì ní láti mú ẹ̀rí wá, nítorí kò sẹ́ni tó máa gbà á lásán. Ibẹ̀ ni gbólóhùn ti ń gùn, tí "because" àti "although" ti ń wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Yorùbá ló gba ilẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń túmọ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀, òun ni wọ́n fi ń bú rẹfirí. Yorùbá ló pọn Gẹ̀ẹ́sì sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi bọ́. Bí àpẹẹrẹ, ní oṣù Karùn-ún 2019, Barcelona na Liverpool ní 3 sí 0 nílé Barcelona. Lọ́jọ́ 7, Liverpool náà na Barcelona ní 4 sí 0 ní Anfield. Ọmọ kan tó ń ta píọ́ wọ́tà bèèrè ìdí tí àwọn òyìnbó fi ń sunkún ayọ̀, ṣebí ìgbà kan ni wọ́n ṣì na ara wọn. Bàbá ní: "Ìwọ rò ó pọ̀. Tọ̀ún mẹ́ta, tibí mẹ́rin. Èyí tí wọ́n rò pọ̀ yẹn ni 'aggregate'. Four-three on aggregate." Ọmọ náà tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe ń gbé bááfù rẹ̀ lọ.

Pé Yorùbá lè pọn Gẹ̀ẹ́sì sẹ́yìn báyìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn wá ní Ilé-Ifẹ̀, tí a kò fi ṣe nǹkan kan. Ní 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún odidi ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Nílé ìwé témi lọ, lẹ́yìn ìyẹn tipẹ́tipẹ́, wọ́n ṣì ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ "vernacular" sílẹ̀ lórí tákàdá, wọ́n sì ń gba owó ìtanràn. Mo ti ya odi láti àárọ̀ títí di agogo méjì rí, torí kò sí kọ́bọ̀ lápò mi. Ó dùn mí títí dòní. Èdè tí wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ kọ́ ọmọ, báwo lọmọ ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ayé sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù gan-an, ọ̀pọ̀ wọn kọ́ ọ ni bíi tiwa. Arsène Wenger, ọmọ Faransé, lọ kọ́ ọ ní Cambridge nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. José Mourinho ti ṣe ògbufọ̀ fún Bobby Robson ní Pọtogí àti ní Barcelona kó tó di kóòṣì fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2004, Tottenham wá bá Chelsea ta ọ̀mì 0 sí 0, gbogbo ọmọ Tottenham sé ẹnu ilé mọ́lẹ̀. Mourinho, tó jẹ́ kóòṣì Chelsea nígbà náà, ní nílẹ̀ àwọn, ohun tí àwọn máa sọ ni pé wọ́n gbé bọ́ọ̀sì wá síwájú ilé wọn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Àṣàyàn ọ̀rọ̀ Pọtogí, tí ọmọ Pọtogí fi Gẹ̀ẹ́sì sọ, ló di ohun tí Bàbá ń wí ní Mọ́kọ́lá pé, "Wọ́n ti páàkì bọ́ọ̀sì." Ẹni tí àwọn onímọ́tò ń dínà mọ́ lẹ́nu ìsọ̀ lójoojúmọ́ kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ ìyẹn fún un. Bàbá máa ń sọ pé ti Alex Ferguson, ará Sikọ́tíláǹdì, ló le gbọ́ jù nínú gbogbo wọn. Ohun tó mú inú mi dùn nínú ìyẹn ni pé kò rò pé etí òun ni kò dáa. Ó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀ka, bí Ìjẹ̀bú ṣe yàtọ̀ sí Èkìtì.

Ìwé kíkà náà ní ibùdó tirẹ̀. Lówùúrọ̀, níbi tí wọ́n ń to ìwé ìròyìn sí lórí ilẹ̀, àwọn tí kò ra nǹkan kan á pagbo, a sì ń pè wọ́n ní Free Readers Association. Complete Sports ni wọ́n ń kọ́kọ́ bẹ̀ wò. Ẹnì kan á ka àkọlé sókè, ẹlòmíràn á ká orí bọ abẹ́ apá rẹ̀ láti wo èyí tó kù. Nígbà tí wọ́n bá ń ra agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tà wọ́n, ọ̀rọ̀ òfin àti ọ̀rọ̀ owó ló kún ojú ìwé: "contract", "clause", "on loan", "terminate". Lọ́dún kan, onílé Bàbá gbé ìwé àdéhùn ilé fún un, ó gbé e wá fún mi pé kí n kà á fún òun. Mo ń kà á lọ ni ó gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Alákọ̀wé, dúró níbẹ̀ yẹn. 'Terminate' yẹn, ṣé irú èyí tí wọ́n fi ń lé kóòṣì ni?"

Mo ní irú rẹ̀ ni, sà. Ó ní kí n padà lọ ka orí rẹ̀. Kò tọwọ́ bọ̀ ọ́ títí onílé fi yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò.

Ibi tó ń bà mí nínú jẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tó ti wá fara ti ilé ìwòran báyìí. Àwọn ọmọ tí kò lè ka ojú ewé kan tán ń ka "odds" bí ẹni ń mumi, wọ́n mọ "over" àti "under", wọ́n mọ ìdá mẹ́wàá inú náírà. Ìmọ̀ tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù kó jọ ni onítẹ́tẹ́ fi ń gba owó ọjà ìyá wọn lápò wọn. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ Bàbá méjì tí wọ́n ti ipa bẹ́ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Obìnrin kò sì pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Àdánù ni, ó sì hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. "Ó" kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin; Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì, bọ́ọ̀lù ọkùnrin sì ń fi "he" kọ́ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. "He" ni Bàbá ń pe ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje 2023, bọ́ọ̀lù ife àgbáyé àwọn obìnrin, Nàìjíríà àti Ọsirélíà ní Brisbane, aago mọ́kànlá àárọ̀ wa. Àsísátù Ọ̀ṣọ́àlà, ọmọ Ìkòròdú tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool àti Barcelona, wọlé láti orí bẹ́ǹṣì, ó jẹ góòlù kẹta, a sì na wọ́n ní 3 sí 2 lórí ilẹ̀ wọn. Ọmọbìnrin Bàbá jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Bí Bàbá bá ti ní "he", á fọwọ́ gbá a lórúnkún: "She, Bàbá! She!" Láti ọjọ́ náà ló ti ń rántí.

Ahọ́n àwọn òyìnbó náà ń kọ́ tiwa, díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2024, ní Dublin, Adémọ́lá Lookman jẹ góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Atalanta fi na Bayer Leverkusen ní àṣekágbá Europa League. Bí àwọn asọ̀rọ̀ ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ láìsí ohùn lórí rẹ̀ ni gbogbo bẹ́ǹṣì ń kígbe mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń tún un ṣe fún wọn. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Bùkáyọ̀ Saka náà.

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, wọn kò gbé pátákó síta. Táyà mi jò, mo jókòó ti Bàbá lórí àpótí. Ó fa túùbù náà yọ, ó fẹ́ ẹ, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ọpọ́n omi. Mo bi í léèrè ohun tí mi ò bi í rí, ìdí tó fi jẹ́ pé kíláàsì kẹta ló kàwé mọ. Ó fi Yorùbá sọ ti ikú bàbá rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n tó mú un wá s'Íbàdàn, ti ọ̀gá tó ní rédíò. Ó dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tó máa sọ èyí tó kù, Gẹ̀ẹ́sì ló jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti tò ó sílẹ̀ tipẹ́.

"If my father had not died, I would have gone to school."

Mi ò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn. Ó ń yí túùbù náà nínú omi. Ìfófòó kékeré kan yọ lókè, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ojú ihò náà mọ́lẹ̀.